Ṣíbí Tí Delphia Fi Rún Oògùn

Gbólóhùn méjì péré ni wọ́n kọ sí ìwé ẹ̀rí ikú Orbin Rasnake, ìkejì ló sì lé oorun kúrò lójú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní ìlòkulò oògùn ló pa á. Ìlòkulò! Ọkùnrin tí kò fẹnu kan ọtí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í bọmi nínú odò Caney, tó máa ń wo ojú aago kó tó lanu gba oògùn bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń wo aago ìdánwò. Ẹni tó bá ka ìwé náà láìmọ ìtàn rẹ̀, irọ́ ló kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹtẹ̀ ìjọba wà nídìí rẹ̀. Ó yẹ ká tún ìtàn náà kà, ká sì kà á dáadáa lọ́tẹ̀ yìí.

Àfonífojì Caney ni wọ́n bí Delphia, ìyàwó Orbin, sí, láàárín àwọn òkè West Virginia tí èédú kún inú wọn. Bàbá rẹ̀ wa èédú, bàbá bàbá rẹ̀ wa èédú, Orbin tó fẹ́ náà wa èédú. Òun fúnra rẹ̀ se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún, kò sì sí ọjọ́ kan tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀wà rẹ̀. Ó máa ń wọn nǹkan ni. Bí ìwé bá ní ife ìyẹ̀fun méjì, ife méjì ni yóò bù, yóò sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Àwọn tó ń sọ pé àwọn ará òkè yìí kì í tẹ̀lé ìlànà kò tíì dúró ti Delphia nínú ilé ìdáná rí.

Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù ni jáàmù ápù. Ní oṣù Kẹwàá ọdọọdún, yóò gbé ìkòkò bàbà ìyá ìyá rẹ̀ kaná ní àgbàlá láti ìdájí, yóò da ápù tí wọ́n ti bó sí i, wọn yóò sì máa fi igi gígùn rò ó títí oòrùn yóò fi wọ̀. Àwọn aládùúgbò á máa gba igi lọ́wọ́ ara wọn. Kò sí ìsinmi níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá dúró fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ìdí ìkòkò á jóná, iṣẹ́ odindi ọjọ́ á sì ṣòfò. Tó bá jinná tán, á dúdú, á ki, á dùn débi pé àgbàlagbà á máa lá ọwọ́ níwájú ọmọdé.

Inú jáàmù yìí ni wọ́n ti ń lo oògùn ní Caney. Oògùn aràn, oògùn ibà, oògùn orí fífọ́, ohunkóhun tó bá korò tàbí tó bá tóbi, wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣíbí rún un nínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á pò ó mọ́ jáàmù, wọ́n á ní kí aláìsàn lanu. Ìyá Delphia ṣe é fún un, òun náà ṣe é fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà tí wọ́n kó lọ sí Ohio. Kò sẹ́ni tó ń kà á sí ohun tí èèyàn ń tọrọ àyè kó tó ṣe.

Orbin ló sì nílò rẹ̀ jù. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, kóró èso písì há a lọ́fun, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀fun rẹ̀ kò ti gba odidi hóró oògùn mọ́.

“Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi o,” Icie, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé òdìkejì odò, máa ń wí. “Ó lè gbé ìdajì ẹlẹ́dẹ̀ mì. Ẹ fi hóró oògùn kan ṣoṣo hàn án, á fẹ́ pe pásítọ̀.”

“Ẹlẹ́dẹ̀ ní ọ̀rá, Icie,” Orbin á dá a lóhùn. “Ọ̀rá ló fi ń yọ̀ wọlé. Sọ fún wọn kí wọ́n máa fi ọ̀rá pa oògùn.”

Iṣẹ́ Orbin nínú ihò èédú ni kó máa fi ọ̀pá irin de òkè ihò mọ́ra, kó má baà já lé àwọn èèyàn lórí. Nínú oṣù Kejì ọdún 1998, kùkùté igi àtijọ́ kan tó ti di òkúta yọ kúrò lókè láìfọhùn, ó sì bọ́ lé e lẹ́yìn. Eegun ẹ̀yìn méjì fọ́. Delphia jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ṣépè fún ihò náà. Orbin rẹ́rìn-ín.

“Má ṣépè fún òkúta, Delphie. Òkúta ò bá mi jà. Ó kàn já ni.”

Ìjàm̀bá nìyẹn, ìjàm̀bá gidi. Kí òǹkàwé fi í sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ náà yóò tún yọjú.

Dókítà Haskew ló kọ oògùn ìrora fún un. Ṣọ́ọ̀bù bàtà ni ilé ìwòsàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ á ti tò láti iwájú rẹ̀ dé ẹnu afárá. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan tó wọ táì á gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Òun ló ń polówó oògùn náà. Aago ara ògiri, kálámù, ife tí dókítà fi ń mu kọfí, orúkọ oògùn ló wà lára gbogbo wọn. Ní Caney, “Méjìlá” ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n ní ẹyọ kan á gbé ìrora dúró fún wákàtí méjìlá.

“Ṣé kò ní di bárakú fún un, Dókítà?” Delphia béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Mo gbọ́ pé ọmọ ìyá mọfíìnì ni.”

“Ìyáàfin Rasnake, kì í di bárakú fún ẹni tí ara ń ro lóòótọ́. Ìrora náà ló ń jẹ oògùn tán. Wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀.”

Ohun tí ọkùnrin onítáì sọ fún un nídìí oúnjẹ ọ̀sán ló ń pè ní ìwádìí. Ọmọ ilé ìwé tó bá kọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òdo ni yóò gbà. Irọ́ ni, irọ́ tó wọ aṣọ funfun.

Delphia kò fi ohunkóhun pamọ́ fún dókítà yìí. Ẹni tó bá gbàgbé ohun gbogbo nínú ìtàn yìí, kó má gbàgbé èyí. Nígbà kejì tí wọ́n lọ, ó sọ ọ́ lójú ọkọ rẹ̀.

“Dókítà, kò lè gbé e mì o. Ṣíbí ni mo fi ń rún un sínú jáàmù ápù.”

Dókítà ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. “Jáàmù ápù? Ìyá ìyá mi náà máa ń sè é. Ọ̀nà yòówù kó gbà, Ìyáàfin, kó ṣáà ti wọlé.”

“O rí i?” Orbin kọjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ẹnu dókítà ti ń dá omi. Dókítà, ẹ bá wa kọ jáàmù náà sílẹ̀, ìgò kan ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín.

Wọn kì í lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́wọ́ òfo ní Caney. Ẹlòmíràn á mú ẹyin lọ, ẹlòmíràn á mú tòmátì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Delphia gbé ìgò jáàmù méjì lọ. Dókítà sì fi ìwé tó fi ń kọ oògùn kọ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí i: “Jáàmù yín kò lẹ́gbẹ́. Orí búrẹ́dì gbígbóná ni mo fi jẹ ẹ́. Ẹ máa bá a lọ bí ẹ ti ń fi í fún Orbin ní oògùn rẹ̀. Haskew.” Inú Delphia dùn débi pé ó fi irin òòfà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ọdún mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá mu omi nílé wọn ló kà á.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún obìnrin yìí kò le láti sọ. Wọ́n ṣe hóró oògùn náà kó máa tú díẹ̀díẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe mọ ọ́n ló ń mú kí ohun tó wà nínú rẹ̀ máa jò jáde láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó bá rún un ti wó ògiri tó sé odò. Gbogbo omi wákàtí méjìlá á ya lu èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Má rún un, má gé e, má fi eyín jẹ ẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kíláàsì kejì lè kà á, kó sì yé e. Dókítà tó lo ìdajì ọjọ́ orí rẹ̀ nídìí ìwé kò rí i sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Orbin ṣe pín sí méjì. Láàárín wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn oògùn, ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa já bọ́, á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí. Tó bá fi máa di wákàtí keje, òógùn á bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n, imú rẹ̀ á máa ṣomi. Delphia ròyìn gbogbo rẹ̀.

“Ìwọ̀n tó ń lò ló kéré,” ni dókítà wí, ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Nígbà tó yá, ó tún sọ ìyẹn náà di ìlọ́po méjì. Ilé ń jó, ọkùnrin yìí ń bu epo sí i, ó sì ń pè é ní ìtọ́jú.

“Delphie,” Icie wí lọ́jọ́ kan, “ẹ̀gbọ́n mi ń tòògbé bí adìyẹ tí àrùn kọlù. Lánàá, orí ẹ̀wà rẹ̀ ló sùn sí, fọ́ọ̀kì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.”

“Dókítà ní ara rẹ̀ ń sinmi ni.”

“Dókítà! Ṣé dókítà ló ń nu ẹ̀wà kúrò nírùngbọ̀n rẹ̀?”

Orbin fúnra rẹ̀ mọ̀. Ní ọdún kẹta, ó gbìyànjú láti fi oògùn náà sílẹ̀. Ọjọ́ méjì ló lò. Ó bì títí kò fi sí ohun tó kù láti bì, ó sì ń fi orí gbá ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Kì í ṣe ẹ̀yìn mi ló ń ro mí mọ́,” ó wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ó ń ṣe mí bíi pé awọ ara mi fẹ́ bọ́ kúrò lára mi kó sá lọ. Delphie, kí ni wọ́n fi sínú mi?”

Delphia gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in kù. Dókítà ní ìrora tí wọn kò tọ́jú tán ló ń ṣe é. Ó kọ èyí tó tóbi jù nínú wọn fún un.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2001. Ìkòkò bàbà wà lórí iná. Icie wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ mẹ́rin. Ní agogo méjìlá ọ̀sán, Delphia fi igi lé Icie lọ́wọ́, ó wọlé, ó rún oògùn tuntun náà. Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àtàǹpàkò ló fi tẹ ẹ̀yìn ṣíbí kó tó fọ́. Orbin wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ó tọ́ jáàmù wò.

“Ti èṣí nìyí. Mo ń gbọ́ òórùn tuntun níta, o ń fi ògbólógbòó bọ́ mi.”

“Tuntun ò tíì jinná, ọ̀jẹun.”

“Tó bá jinná, èmi ni kí o kọ́kọ́ fún.”

“Ta ni mo tún fẹ́ kọ́kọ́ fún?”

Ó padà síta, nítorí apá ti ń ro Icie. Ó ro ìkòkò náà fún wákàtí méjì ààbọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè ìdí tí kò fi wọlé lọ wò ó, ó ti bi ara rẹ̀ tó. Ìkòkò kò ṣeé fi sílẹ̀, ọkùnrin náà sì máa ń sùn lójoojúmọ́ lẹ́yìn oògùn. Ó ń gbọ́ híhanrun rẹ̀ láti ojú fèrèsé, híhanrun tó wúwo, tó ń fà tìtì. Àwọn obìnrin tilẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ pé Orbin ń fi ayùn gé gbogbo igi orí òkè. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé bí ẹni tí oògùn yìí ń pa ṣe ń hanrun nìyẹn. Ta ni ì bá sọ fún wọn? Nígbà tó yá, híhanrun náà dáwọ́ dúró. Wọ́n rò pé ó yí ẹ̀gbẹ́ dà ni.

Delphia bu jáàmù gbígbóná tí kò tíì jinná tán sínú àwo kékeré, ó fẹ́ ẹ títí tó fi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó gbé e wọlé. Ètè Orbin ti dúdú bí aró.

Icie gbọ́ igbe, ó sọ igi nù. Lọ́jọ́ náà, ìdí ìkòkò bàbà jóná fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ayé ìyá ìyá Delphia.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Delphia kó ìyókù oògùn lọ bá Burl Cantrell, apoògùn ìlú náà. Kíláàsì kan náà ni Burl àti Orbin jọ jókòó ní kékeré.

“Gba nǹkan yìí, Burl. Mi ò fẹ́ kó sùn nílé mi.”

“Delphie, mo ti ń fẹ́ bi ọ́. Pẹ̀lú ọ̀fun rẹ̀ yẹn, báwo ló ṣe ń lò ó?”

“Bá a ṣe ń lo gbogbo oògùn. Mo ń rún un sínú jáàmù.”

Burl fi ọwọ́ méjèèjì di káńtà mú. “Láti ọdún mẹ́ta?”

“Kí ló dé?”

Ó sọ ọ́ fún un. Kò gbà ju ìmí ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Delphia kò sunkún. “Ta ló yẹ kó ti sọ fún mi?”

“Ó wà nínú ìwé inú àpò oògùn…”

“Ìwé wo? Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ kéré ju ẹyin èèrà, tí ẹ ká ní ìgbà mẹ́jọ, tí ẹ fi ìṣó irin kàn mọ́ ẹnu àpò? Burl, ogójì ọdún ó lé lo ti mọ̀ pé Orbin kì í gbé oògùn mì. O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí písì há a!”

“Mo pe ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì nítorí bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ń ga. Wọ́n ní kí n máa ka hóró oògùn mi, kí n fi ìṣègùn sílẹ̀ fún oníṣègùn.”

“Ìwọ náà sì kà á.”

“Mo kà á,” ni Burl wí, kò sì lè wò ó lójú.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìwé ẹ̀rí ikú dé. Dókítà Haskew ti kọ̀wé sí olùwádìí ikú pé àwọn ará ilé aláìsàn yí oògùn padà lòdì sí ìmọ̀ràn òun. Ibẹ̀ ni “ìlòkulò” ti wá. Kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò ní ilé ìfìwéránṣẹ́, gbogbo Caney ti gbọ́. Obìnrin ìjọ kan tó bá wọn ro ìkòkò lọ́jọ́ náà sọ lẹ́yìn ìsìn pé òun ò mọ̀ pé Orbin ti di ọ̀kan nínú “àwọn wọ̀nyẹn”, àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Orbin fi wọ inú ilẹ̀ kí iná má baà kú nílé àwọn ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ló pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó ṣu níbí kò tilẹ̀ gbàgbé o. Ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ló kó o lọ sí.

Delphia jókòó síwájú fíríìjì. Ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òun ló rún un, kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bó ti ń wo ìwé ìdúpẹ́ tó wà lára fíríìjì, ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì yọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ ilé ìwòsàn náà. Àga kankan kò ṣófo. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní kó kọ orúkọ sílẹ̀ kó dúró.

“Ọkọ mi ti dúró tó. Pe dókítà.”

Dókítà jáde nígbà tí ohùn ga. “Ìyáàfin Rasnake, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé lọ sọ ọ́.”

“Ibí yìí ni a ó ti sọ ọ́. Ẹ kọ̀wé pé mo rún oògùn lòdì sí ìmọ̀ràn yín. Ìmọ̀ràn wo?”

“Mi ò ní kí ẹ rún un.”

“Mo sọ fún yín pé mò ń rún un! Ẹ ní kó ṣáà ti wọlé. Ẹ gba jáàmù náà, ẹ jẹ ẹ́ lórí búrẹ́dì, ẹ wá fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé kí n máa bá a lọ.” Ó gbé ìwé náà sókè. “Ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?”

“Inú ọ̀fọ̀ lẹ wà, Ìyáàfin, ó yé mi…”

“Kò yé yín. Ká ní ó yé yín ni, ọkọ mi ì bá ṣì máa bú mi nílé.”

Nígbà náà ni obìnrin kan tó gbé ọmọ sórí itan dìde díẹ̀ lórí àga rẹ̀. “Màmá, ẹ dákun, kí ni ẹ̀ ń sọ nípa rírún un? Èmi náà ń rún un fún bàbá mi. Eyín ò sí lẹ́nu wọn mọ́.”

“Oyin lèmi ń fi í sí,” ni bàbá arúgbó kan tó wọ fìlà awakùsà wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Àbí kò yẹ kí n fi í sí oyin?”

Ẹnì kẹta tún na ọwọ́ sókè, bí ọmọ tó ń bẹ̀rù olùkọ́.

Delphia wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti rò pé ilé òun nìkan ni. Kò rò ó pé gbogbo ilé tí ìyá ìyá wọn bá ti kọ́ wọn ní ohun kan náà ni ṣíbí yìí wà. Ó sì yẹ kí dókítà tó ti bá wọn jẹ jáàmù fún ọdún mẹ́ta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin náà, ó dojú kọ àwọn tó jókòó, ó sì lo ohùn tó fi ń mú kí igba ọmọ dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn oúnjẹ.

“Ẹ má rún un mọ́! Ẹ má gé e. Ẹ má fi eyín jẹ ẹ́. Bí ẹni yín bá ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì, ó lè kó o sínú wàhálà. Ẹ lọ bá Burl Cantrell lónìí, ẹ ní kó ka ìwé inú àpò fún yín sókè, kó sì sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Bó bá sì ń hanrun lọ́nà tó yàtọ̀, ẹ jí i! Bí kò bá jí, ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ má jókòó nídìí ìkòkò bíi tèmi.”

“Ẹ pe ọlọ́pàá,” ni dókítà wí fún ọmọbìnrin ìdí tábìlì.

Kó tó di pé ọlọ́pàá dé, àwọn mẹ́ta náà ti kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn àpò ìwé tó wà lọ́wọ́ Delphia, láti jẹ́rìí pé àwọn náà ń rún un. Ọlọ́pàá tó wá, oúnjẹ Delphia ló jẹ dàgbà. Ó sin ín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ilé ẹjọ́ ìlú ni Delphia wà lọ́jọ́ kejì, níwájú Ọ̀gbẹ́ni Lowe, olùwádìí ikú, tó tún ni ilé ìsìnkú tó tẹ́ Orbin sínú pósí. Ó gbé ìwé ìdúpẹ́ sílẹ̀, ó gbé orúkọ mẹ́ta sílẹ̀, ó gbé ṣíbí lé wọn.

Lowe kà á tán. Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Ọwọ́ rẹ̀ nìyí lóòótọ́. Ìyáàfin Rasnake, mo máa pa ‘ìlòkulò’ rẹ́. Màá kọ ‘ìjàm̀bá’.”

“Rárá.”

“Rárá kẹ̀? Ohun tẹ́ ẹ wá gbà náà kọ́ nìyẹn?”

“Ìjàm̀bá ni òkúta tó já lé Orbin. Òkúta ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi kó tó já. Òkúta ò kọ̀wé dúpẹ́. Ẹni tí mo sọ fún, tó gbọ́, tó jẹun lé e lórí, tó tún fi kún ìwọ̀n rẹ̀, ẹ ò lè fi òun àti òkúta sínú àpótí kan náà.”

“Àpótí márùn-ún péré tá a lè fàmì sí ló wà nínú fọ́ọ̀mù, Ìyáàfin. Kò sí èyí tẹ́ ẹ̀ ń wá níbẹ̀.”

“Ẹ wá kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Àyè wà níbẹ̀, mo ti wò ó.”

Lowe fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra, ó pa “ìlòkulò” rẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́: Olóògbé lo oògùn bí dókítà rẹ̀ ti mọ̀, tó sì fọwọ́ sí i nínú ìwé. Delphia ní kó kà á sókè. Ó kà á. Ó ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Orúkọ Orbin padà sí ipò rẹ̀ ní Caney. Obìnrin ìjọ yẹn gbé adìyẹ díndín wá tọrọ àforíjì. Icie gba adìyẹ náà, kò gba àforíjì. Wọ́n fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ní olú ìlú. Ìgbìmọ̀ dáhùn pé àwọn ti gba ìwé, àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò! Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ṣì tò dé ẹnu afárá, aago olórúkọ oògùn ṣì wà lára ògiri.

Nítorí náà ni Delphia ṣe gbé àga ilé ìdáná rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ní iwájú ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn gan-an, níbi tí kì í ṣe ilẹ̀ dókítà. Ó ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ohun tó wà nínú ìwé inú àpò oògùn sára páálí, ìlà kọ̀ọ̀kan tọ́ bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Icie gbé àga kejì, pẹ̀lú kọfí nínú fúláàsì. Wọ́n ń dá gbogbo ẹni tó ń wọlé dúró. Wọ́n ń ka páálí náà fún wọn, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ padà, Delphia á tún un kà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ dókítà dé ní agogo mẹ́sàn-án. Ó rí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ sókè.

“Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà,” Delphia wí, kí dókítà tó pa á dé. “A ò mú jáàmù wá lónìí.”